Ẹ Bi Ọ̀gá Mẹkáníìkì: Ẹsẹ̀ Mọ́tò Tó Ń Ta Bí Ewúrẹ́

Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí, tó bá jẹ́ mẹ́wàá, méje ló ń sọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ mọ́tò. Kò yà mí lẹ́nu. Òtútù ti ń palẹ̀ mọ́. Ẹni tó ti ọkọ̀ àtijọ́ rẹ̀ mọ́ gáréèjì láti oṣù kọkànlá ti gbé e jáde, ó ti wà á yí àdúgbò ká lẹ́ẹ̀kan, ìbàdí sì ti ń dùn ún.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ darapọ̀ mọ́ wa, tí mo bá ní ‘ẹsẹ̀’, kì í ṣe táyà nìkan ni mò ń wí. Gbogbo ohun tó wà láàárín táyà àti ara ọkọ̀ ni: sípíríǹgì, ṣọ́ọ̀kì, búṣì (róbà tó wà nínú oríkèé irin), àti àwọn apá irin tó di wíìlì mú. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀gá mi ní Ìbàdàn ṣe kọ́ mi, Píjò nìkan ni ọ̀gá yẹn sì máa ń tún ṣe. Mo dé London ní 1986. Láti ìgbà yẹn, abẹ́ àwọn ọkọ̀ kéékèèké tí òyìnbó fi ṣe fáàrí láàárín 1960 sí 1980 ni mo ti ń jẹun. MGB GT ọdún 1971 ni tèmi, ọkọ̀ eré kékeré ti ilé iṣẹ́ MG, èyí tí orí rẹ̀ kì í ṣí, aláwọ̀ ewé. Ó ti pẹ́ nílé wa ju àbígbẹ̀yìn wa lọ.

Ọ̀gá wa, ẹ kú iṣẹ́. Mo ra MGB ọdún 1972, èyí tí orí rẹ̀ ń ṣí, lọ́wọ́ ọkùnrin kan ní Essex. Ó ní òun ti tún ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe: ó fi sípíríǹgì kúkúrú líle síwájú, ó rẹ ẹ̀yìn sílẹ̀, ó sì fi búṣì pólì (ike líle dípò róbà) sí gbogbo ibi tí búṣì ń gbé. Lórí mọ́tòwéè kò burú. Ṣùgbọ́n tí mo bá wọ ọ̀nà abúlé, ńṣe ló ń ta bí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́ èèkàn. Lọ́jọ́ kan ó fò kúrò lọ́nà mi nínú kọ́nà. Ìyá àwọn ọmọ ní òun ò wọ̀ ọ́ mọ́. Ẹnì kan wá ní kí n yọ ṣọ́ọ̀kì àtijọ́ inú rẹ̀ dànù, kí n gbé ti ìgbàlódé sí i, pé gbogbo rẹ̀ á yanjú. Ṣé òótọ́ ni? — Bàbá Ìbejì, Peckham

Bàbá Ìbejì, ẹ kú ewu. Kì í ṣe òótọ́. Ẹ má sì tíì ra nǹkan kan.

Ohun tó ṣe yín yìí ti ṣe mí rí. Ọdún 1996 ni, ìgbà Àjíǹde. Mo ra sípíríǹgì kúkúrú àti búṣì líle, mo fi ọjọ́ mẹ́ta gbáko dè wọ́n sábẹ́ ọkọ̀ mi. Nígbà tí mo sọ jáàkì kalẹ̀, inú mi dùn: ọkọ̀ náà lúgọ bí ológbò tó rí eku. Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, mo gbé ìyàwó mi, a forí lé Dungeness, a sì gba Romney Marsh. Ẹni tó bá mọ ibẹ̀ mọ̀ pé ilẹ̀ náà tẹ́ pẹrẹsẹ, ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà rẹ̀ ń gòkè ó ń sọ̀ bí ìgbì òkun. Kọ́nà rẹ̀ sì máa ń yọ síni lójijì, nítorí etí kòtò omi àtijọ́ ni ọ̀nà náà ń tọ̀. Nínú ọ̀kan nínú àwọn kọ́nà yẹn ni ẹ̀yìn ọkọ̀ mi kúrò nílẹ̀. Ó fò sí ẹ̀gbẹ́, ó sún mọ́ kòtò débi pé mo rí ewé inú omi. Kò sóhun tó ṣe wá. Ṣùgbọ́n kúlà mọ́ínmọ́ín tó wà lẹ́yìn dà nù. Títí di oṣù kẹjọ ni mo ṣì ń yọ mọ́ínmọ́ín kúrò nídìí bẹ́líìtì.

Kí ló fà á? Ásù kan gbọọrọ, irin tó so wíìlì méjèèjì pọ̀, ló wà lẹ́yìn MGB, ó jókòó lórí sípíríǹgì pẹlẹbẹ bíi ti lọ́rì. Lókè ásù yẹn ni róbà kan wà tí wọ́n fi í dá a dúró bó bá gòkè jù. Ẹni tó bá ti rẹ ẹ̀yìn ọkọ̀ sílẹ̀ ti jẹ nínú àyè tó wà láàárín ásù àti róbà. Tí wíìlì bá wá gun ibi tó ga, kíá, ásù ti kan róbà. Láti ìṣẹ́jú àáyá yẹn lọ, ẹ ò ní sípíríǹgì mọ́. Róbà ló kù, róbà náà á sì ta ọkọ̀ yín lọ́gọ́. Níwájú, sípíríǹgì líle tí wọ́n fi sí i lágbára ju ohun tí ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ lè kó níjàánu lọ. Sípíríǹgì ló ń gbé ọkọ̀. Iṣẹ́ ṣọ́ọ̀kì ni kó sọ fún sípíríǹgì pé ó tó. Tí ẹnu ṣọ́ọ̀kì kò bá ká sípíríǹgì, ọkọ̀ á máa jó.

Táyà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò, torí pé ọ̀fẹ́ ni. Lára táyà, ẹ wá lẹ́tà DOT, kẹ́ ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn níbẹ̀. Tó bá jẹ́ 2309, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2009 ni wọ́n ṣe é. Ọkọ̀ àtijọ́ kì í rìn púpọ̀, nítorí náà ojú táyà rẹ̀ lè ṣì jinlẹ̀ dáadáa kí ara rẹ̀ sì ti le bí pákó. Mo ti rí ẹni tó ná owó gọbọi sórí ẹsẹ̀ ọkọ̀, tó sì jẹ́ táyà ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ló ń bá a jà. Lẹ́yìn náà, ẹ wọn afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ láàárọ̀, kí ọkọ̀ tó rìn. Tèmi, PSI 26 ni mò ń fi síwájú, 28 sẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo ti bá 35 nínú MGB tí wọ́n gbé wá, torí pé iye tí ọmọ tó ń ta táyà ń fi sínú ọkọ̀ ìgbàlódé nìyẹn. Ọkọ̀ yín kò wúwo tó bẹ́ẹ̀.

Ṣọ́ọ̀kì ló kàn. Ti MGB kò rí bí èyí tó gùn bí páìpù. Àpótí irin kékeré ni, Armstrong ló ṣe é nígbà yẹn; ọ́ìlì wà nínú rẹ̀, ó sì ní apá tó ń lọ sókè sódò. Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì tẹ igun ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan mọ́lẹ̀, kẹ́ ẹ jù ú sílẹ̀. Ó yẹ kó dìde lẹ́ẹ̀kan, kó sì jókòó jẹ́ẹ́. Tó bá mì lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta, ẹ ṣí ìdérí orí rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí ọ́ìlì ti lọ sílẹ̀. Ẹ fi ọ́ìlì fọ́ọ̀kì alùpùpù, 20W, kún un. Ẹ nu ìdọ̀tí ibẹ̀ dáadáa kẹ́ ẹ tó ṣí i, nítorí iyanrìn díẹ̀ tó bá wọ inú rẹ̀ lè bà á jẹ́. Tí ọ́ìlì bá ń jò jáde nídìí apá yẹn, ẹ tú u, kẹ́ ẹ rán an lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tún un ṣe. Wọ́n ṣì wà ní ìlú yìí, iṣẹ́ wọn sì mọ́.

Ẹ jẹ́ n wá dáhùn ohun tẹ́ ẹ bèèrè gan-an. Níwájú MGB, apá ṣọ́ọ̀kì yẹn náà ni apá òkè tó di wíìlì mú. Ẹ ò lè yọ ọ́ dànù kí ọkọ̀ ṣì dúró. Àwọn tó ń ta ṣọ́ọ̀kì ìgbàlódé fún MGB, ńṣe ni púpọ̀ nínú wọn máa ń so ó mọ́ ẹ̀gbẹ́. Àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ìdí apá àtijọ́ yẹn ló ti jẹ, wíìlì á ṣì máa mì, ẹ kàn ti ra ẹlẹgbẹ́ fún aláìsàn ni. Ní ti ẹ̀yìn, ó ṣeé ṣe, àwọn kan sì fẹ́ràn rẹ̀. Èmi ti yọ èyí tó pọ̀ dànù ju èyí tí mo fi sí i lọ, torí pé wọ́n máa ń le jù fún ọ̀nà tí kò dán.

King-pin, irin òòró tí wíìlì iwájú ń yí lé, ló kàn: ẹ gbé iwájú ọkọ̀ sókè, kẹ́ ẹ di wíìlì mú lókè àti nísàlẹ̀, kẹ́ ẹ mì í. Tó bá ń mì, kí ẹnì kan tẹ bíréèkì fún yín. Tí mímì bá dáwọ́ dúró, béárìn ni. Tí kò bá dáwọ́ dúró, king-pin ni. Ihò gíríìsì mẹ́ta ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan, ìwé ọkọ̀ sì ní kí wọ́n máa fún un ní gíríìsì ní gbogbo 3,000 máìlì. Kí wíìlì wà lókè kẹ́ ẹ tó fún un o. Tí ìwúwo ọkọ̀ bá wà lórí rẹ̀, gíríìsì kò ní dé ibi tó yẹ kó dé. Mo mọ ọkọ̀ tí wọ́n fún ní gíríìsì tọkàntọkàn fún ogún ọdún tí king-pin rẹ̀ sì gbẹ bí èèpo ẹ̀pà.

Búṣì pólì kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Kí wọ́n kàn fi sí ibi gbogbo ni mo kórìíra. Apá ìsàlẹ̀ níwájú ni búṣì róbà ilé iṣẹ́ ti máa ń tètè jẹ. Fún ibẹ̀, mo fẹ́ràn búṣì tí wọ́n ṣe fún MGB GT V8, èyí tí wọ́n ṣe láti 1973 sí 1976. Róbà ni, ó ní irin nínú, ó wọ inú apá MGB yín láìsí wàhálà, ó sì pẹ́. Sípíríǹgì ẹ̀yìn, ẹ dá róbà padà fún un. Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì kì í ṣe, tí mo máa ń torí rẹ̀ pariwo: búṣì róbà tó ní irin nínú, ẹ má fún bóòtù rẹ̀ le nígbà tí ọkọ̀ ṣì wà lórí jáàkì. Ẹ sọ ọkọ̀ kalẹ̀, ẹ tì í síwá sẹ́yìn díẹ̀ kó jókòó bó ṣe máa ń jókòó, kẹ́ ẹ tó fún un. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, róbà náà á lọ́ pọ̀ bí aṣọ tí wọ́n ń fún omi rẹ̀, kò sì ní pẹ́ ya.

Nígbà tẹ́ ẹ bá ṣe gbogbo èyí tán ni kẹ́ ẹ tó wá dé orí sípíríǹgì. Ìmọ̀ràn mi: ẹ dá a padà sí bó ṣe wà nígbà tó jáde nílé iṣẹ́ MG ní Abingdon. Ọkọ̀ 1972 ti wà ní ìwọ̀n tó yẹ kó wà. Àwọn tí wọ́n ṣe láti ìparí 1974, tí wọ́n gbé bọ́ńpà róbà dúdú kọ́ lọ́rùn, ni wọ́n gbé sókè torí òfin Amẹ́ríkà. Wọ́n tún yọ ọ̀pá sítébílásà iwájú, ọ̀pá tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ tẹ̀ jù nínú kọ́nà, kúrò lára àwọn tó ń ṣí lórí, wọn ò dá a padà títí di ti ọdún 1977. Àwọn yẹn ló yẹ kí èèyàn ronú láti rẹ̀ sílẹ̀. Láti ara wọn ni ìròyìn ti tàn pé gbogbo MGB ga jù, ni ẹni tó ta ọkọ̀ fún yín náà bá gé ẹsẹ̀ ẹni tí kò ga.

Tó bá jẹ́ pé owó ṣì ń yún yín lọ́wọ́ lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀pá sítébílásà iwájú tó nípọn díẹ̀ ju ti ilé iṣẹ́ lọ ni kẹ́ ẹ rà. Ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ínṣì tó. Ó máa ń jẹ́ kí ọkọ̀ má tẹ̀ púpọ̀ nínú kọ́nà, síbẹ̀ tí wíìlì méjèèjì bá jọ gun ibi tó ga, kì í dá sí i. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ lọ ṣe aláímẹ́ǹtì, ìyẹn títọ́ ojú tí wíìlì kọ sí. Kí iwájú táyà méjèèjì sún mọ́ra ju ẹ̀yìn wọn lọ ní mìlímítà kan àbọ̀ sí méjì lé díẹ̀. Àwọn ọmọ ibi aláímẹ́ǹtì lè fẹ́ bá yín tún igun ìdúró wíìlì ṣe. Ẹ sọ fún wọn pé ti MGB kò ní ibi tí wọ́n ti ń yí i.

Ẹ má ṣe gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ẹ wá ọ̀nà kan bíi máìlì márùn-ún, tó ní ibi tó dán, ibi tó fọ́ àti kọ́nà méjì. Èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá tún ṣe, ẹ wa ọkọ̀ gba ibẹ̀, kẹ́ ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ rí sínú ìwé. Ìwé tèmi ti gbó, epo ti rin ín, ṣùgbọ́n òun ló ń gbà mí lọ́wọ́ ara mi. Kẹ́ ẹ sì rántí sọ fún àwọn inṣọ́ránsì yín ohun tí ẹni àkọ́kọ́ ti yí padà lára ọkọ̀ náà, kí wọ́n má bàa rí i lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá nílò wọn.

Ẹ káàsán, Bàbá. Bàbá ọkọ mi, ọmọ Yorkshire, fi Triumph Spitfire Mk3 ọdún 1968 sílẹ̀ fún wa nígbà tí wọ́n lọ. Ọkọ mi kì í wà á. Èmi ni mo fẹ́ràn rẹ̀. Lóṣù tó kọjá mo wà á lórí Snake Pass, ọ̀nà orí òkè tó kún fún kọ́nà, mo wọ kọ́nà kan, ẹ̀rù bà mí pé mo sáré jù, mo sì gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́tù. Ńṣe ni ẹ̀yìn rẹ̀ fẹ́ ṣíwájú mi. Mẹkáníìkì àdúgbò wa ti yẹ abẹ́ rẹ̀ wò, ó ní òun ti fi gíríìsì sí gbogbo ibi tó yẹ, kò sì rí nǹkan kan. — Ìyàwó Ilé, Sheffield

Ìyàwó wa, ẹ ṣé gan-an tẹ́ ẹ fi gbogbo rẹ̀ sọ bó ṣe rí. Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ n sọ̀rọ̀ gíríìsì yẹn, torí òun ló bà mí lẹ́rù ju Snake Pass lọ.

Nísàlẹ̀ wíìlì iwájú Spitfire, irin kan wà tí wọ́n ń pè ní trunnion. Ojú rẹ̀ rí bíi ti nọ́ọ̀tì: irin òòró tó gbé wíìlì wọ inú rẹ̀ bí bóòtù, orí ẹsẹẹsẹ bóòtù yẹn ni wíìlì sì ń yí lé ní gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá yí sítíárìn. Ọ́ìlì gíà, EP90, ló ń mu. Gíríìsì kọ́. Gíríìsì máa ń gan síbẹ̀, omi á wọ ẹ̀yìn rẹ̀, irin á dógùn-ún láti inú, lọ́jọ́ kan á sì kán. Tó bá kán, wíìlì á wó sábẹ́ ọkọ̀. Àwọn mẹkáníìkì tí MGB ló mọ́ wọn lọ́wọ́ ló sábà máa ń ṣe àṣìṣe yìí, torí pé gíríìsì ni ti MGB. Ẹ má wà á mọ́ títí ẹnì kan á fi tú méjèèjì wò. Tí ẹsẹẹsẹ irin náà bá ti jẹ tàbí tó dógùn-ún, tuntun ni kẹ́ ẹ fi rọ́pò. Ọkọ̀ tó ti lé ní ogójì ọdún tí wọn ò yí padà kò nílò MOT, àyẹ̀wò ọkọ̀ ọdọọdún, mọ́ láti 2018, nítorí náà kò sí ẹlòmíì tó máa bá yín yẹ̀ ẹ́ wò tẹ́ ẹ ò bá ṣe é fúnra yín.

Ẹ̀yìn tó fẹ́ ṣíwájú yín kì í ṣe àìsàn. Bí wọ́n ṣe bí i nìyẹn. Irin tó ń yí wíìlì ẹ̀yìn Spitfire ayé àtijọ́, oríkèé kan ṣoṣo ló ní, lẹ́bàá dífù, àpótí gíà tó wà láàárín wíìlì ẹ̀yìn méjèèjì. Ìdí wíìlì kò ní oríkèé kankan. Wíìlì náà wá ń yí bí ilẹ̀kùn lórí àgbékọ́ rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá wọ kọ́nà kíkankíkan tẹ́ ẹ wá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́tù, ìwúwo á lọ síwájú, ẹ̀yìn á dìde, wíìlì ìta á sì ká ẹsẹ̀ sábẹ́ ara rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ kúnlẹ̀. Etí táyà ló kù tó di ilẹ̀ mú.

Triumph fúnra wọn mọ̀ ọ́n. Nígbà tí Mk IV jáde ní 1970, wọ́n yí sípíríǹgì ẹ̀yìn padà: wọ́n jẹ́ kí ewé rẹ̀ tó pọ̀ jù máa mì lójú ibi tí wọ́n so ó mọ́ dífù, kó má bàa ti ara ọkọ̀ sókè nínú kọ́nà mọ́. Sípíríǹgì yẹn ṣeé gbé sínú tiyín, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ fi ọ̀pá sítébílásà iwájú tó nípọn kún un; tẹ́ ẹ bá ṣe ọ̀kan láìṣe èkejì, ọkọ̀ á máa tẹ̀ bí ọkọ̀ ojú omi. Ohun tí mo máa ṣe tó bá jẹ́ ọmọ mi ló ni ín: màá yẹ̀ ẹ́ wò pé sípíríǹgì inú rẹ̀ kì í ṣe tuntun tó ga jù, torí pé ibi tó bá ga ni wíìlì ti ń ká jù. Tó bá ga, pálẹ́ẹ̀tì irin bí ínṣì kan láàárín dífù àti sípíríǹgì á rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, wíìlì á sì fi orí wọnú díẹ̀. Ẹ rí i pé Spitfire yàtọ̀ sí MGB ti Bàbá Ìbejì lókè yìí. Òun, kí wọ́n gbé ẹ̀yìn rẹ̀ padà sókè. Ẹ̀yin, ẹ rẹ̀ ẹ́ díẹ̀.

Àtúnṣe tó lágbára jù kò ní sípánà nínú. Ẹ tẹ bíréèkì kẹ́ ẹ tó dé kọ́nà. Tẹ́ ẹ bá ti wọ inú rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ wà lórí tọ́tù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ títí ẹ ó fi jáde. Ó dájú pé bàbá ọkọ yín mọ èyí, torí pé ẹ jogún ọkọ̀ náà ní odidi.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o. Mo ń ka ojú ìwé yín láti ọdún méjì, ìmọ̀ràn yín kò yí padà: ẹ dá sípíríǹgì padà, ẹ jẹ́ kó rọ̀. Ṣé kì í ṣe ọjọ́ orí ni? Mo lọ wòran ní pápá eré ọkọ̀ Silverstone, ọkọ̀ àtijọ́ tí mo rí níbẹ̀ le bí àpáta, wọ́n sì ń fò bí ọfà. — Ọmọ Ìjẹ̀bú, Birmingham

Àbúrò, mi ò bínú. Ọjọ́ orí wà níbẹ̀, mi ò purọ́. Ìbàdí mi kì í ṣe ti ọdún 1986 mọ́. Ṣùgbọ́n gbọ́ èyí.

Silverstone dán. Wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ bí ẹni ń tọ́jú pálọ̀ àlejò. Tí ilẹ̀ bá dán, wíìlì kò ní ìdí láti lọ sókè sódò, nítorí náà o lè mú un le, kí ara ọkọ̀ má bàa tẹ̀, kí táyà dojú kọ ilẹ̀ dáadáa. Ọ̀nà tí ìwọ ń gbà lọ sílé kò rí bẹ́ẹ̀. Níbẹ̀, táyà tó bá kúrò nílẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá kan kò di nǹkan kan mú ní ìṣẹ́jú àáyá náà, bó ti wù kó wọ́n tó.

Ṣé o mọ Lotus Elan? Ọdún 1962 ló jáde. Ara rẹ̀ jẹ́ fáíbà, ìwúwo rẹ̀ kò tó 700 kílò, títí dòní làwọn tó mọ ọkọ̀ wà ṣì ń fi í ṣe àpẹẹrẹ ọkọ̀ tó mọ kọ́nà gbà. Colin Chapman tó ni Lotus, tó fi ọkọ̀ gba ife-ẹ̀yẹ nínú eré Formula One, kò fi sípíríǹgì líle sí i. Sípíríǹgì rírọ̀ ló fi sí i, ó fún wíìlì ní àyè gbọọrọ láti lọ sókè sódò, ó wá fi ṣọ́ọ̀kì tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ ṣọ́ wọn. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo wà ọ̀kan, lọ́wọ́ oníbàárà kan ní Maidstone, ojú títì burú, ara ọkọ̀ ń mì díẹ̀, ṣùgbọ́n sítíárìn dúró jẹ́ẹ́ lọ́wọ́ mi bí ìwé àdúrà. Ó rán mi létí ibi tí mo ti kọ́ṣẹ́.

Torí pé Píjò 504 náà ni. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ọkọ̀ eré, má rẹ́rìn-ín. Láti 1975 ni wọ́n ti ń tò ó ní Kàdúná, kò sì sí ọ̀nà Nàìjíríà tí kò gbà. Èèyàn mẹ́sàn-án nínú wágọ́ọ̀nù, ẹrù lórí, Ìbàdàn sí Èkó lórí ọ̀nà àtijọ́, ìyá àgbà tó wà lẹ́yìn sì ń sùn. Wíìlì ibẹ̀ lè rìn sókè sódò débi pé kòtò kì í bá ara ọkọ̀ sọ̀rọ̀. Ọ̀gá mi máa ń fi obìnrin tó ru omi láti odò ṣàlàyé rẹ̀ fún wa. Ó ní ẹ wo orúnkún rẹ̀: ó ń rọ̀, ó ń ká, ó ń nà. Ẹ wo ìbàdí rẹ̀: ó ń dá orúnkún dúró kó má bàa fò. Orí kò mì, omi kò dà. Ẹ ní kó na orúnkún gan-an kó máa rìn bí ọlọ́pàá tó ń yan, ẹ wo bí omi ṣe máa dà sí i lára.

Tóo bá ń kó ọkọ̀ rẹ lọ sí pápá eré lóṣooṣù, tó o sì fi tírélà gbé e lọ, mú un le bó o ṣe fẹ́, mi ò ní bá ọ jà. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé ọ̀nà Kidderminster lò ń gbà lọ́jọ́ Àìkú, kọ́kọ́ wà á pẹ̀lú sípíríǹgì ilé iṣẹ́ àti ṣọ́ọ̀kì tuntun fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Kọ̀wé sí mi lẹ́yìn náà. Màá tẹ̀ ẹ́ síbí, kódà tó o bá bú mi.

Ẹ̀gbọ́n mi, Mazda MX-5 ọdún 1991 ni tèmi, ní Maryland níbí. Búṣì àti ṣọ́ọ̀kì tuntun ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Iye wo ni kí n ní kí wọ́n fi ṣe aláímẹ́ǹtì fún ìwakọ̀ ojú pópó lásán? — Olùkọ́, Bowie

Olùkọ́, ẹ kú orí ire. Ọkọ̀ yín rọrùn ju gbogbo èyí tí mo ti sọ lókè lọ. Apá òkè àti apá ìsàlẹ̀ ló di wíìlì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mú, ilé iṣẹ́ sì fi bóòtù tó ń yí igun wíìlì sí gbogbo wọn. Mo máa ń fi orí wíìlì iwájú wọnú ní ìwọ̀n dígírì kan, ẹ̀yìn ní dígírì kan àbọ̀. Ojú táyà iwájú méjèèjì: kó tọ́ gbọnrangandan tàbí kó sún mọ́ra bí irun. Ti ẹ̀yìn, kó sún mọ́ra díẹ̀, kó má ṣe ṣí síta láé. Kí ọ̀tún àti òsì dọ́gba. Ìyẹn ṣe pàtàkì ju iye yẹn fúnra rẹ̀ lọ.

Iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì lọ́hùn-ún nígbà yìnyín lè ti lẹ àwọn bóòtù yẹn pọ̀ mọ́ inú búṣì. Ẹ fi epo tó ń tú ìpẹtà rin wọ́n ní alaalẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta kẹ́ ẹ tó gbé e lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọmọ ibi aláímẹ́ǹtì á sọ pé kò ṣeé ṣe, á sì gbowó. Kẹ́ ẹ jókòó sínú rẹ̀, tàbí kí wọ́n gbé nǹkan tó wúwo tó yín sórí àga awakọ̀ kí wọ́n tó wọ̀n ọ́n. Ọkọ̀ tí kò tó tọ́ọ̀nù kan mọ̀ ọ́n lára tí àgbàlagbà bá jókòó sínú rẹ̀.

Bàbá, ẹ kú iṣẹ́. MGB GT lèmi náà ní. Mo rí wíìlì ínṣì mẹ́tàdínlógún kan tó dára gan-an. Ṣé ó lè wọ̀ ọ́? — Àkàndé, Woolwich

Àkàndé ọmọ mi, tó o bá gé ibi tó yẹ kó o gé, ó lè wọ̀ ọ́. Mẹ́rìnlá ni ilé iṣẹ́ fi sí i. Wíìlì ńlá wúwo, ìwúwo yẹn ni sípíríǹgì àti ṣọ́ọ̀kì rẹ á máa bá fà á nínú gbogbo kòtò. Etí táyà rẹ̀ á sì fẹ́lẹ́ débi pé rímù fúnra rẹ̀ ló máa gba ìkọlù. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mo lè gbà fún ọ, ìyẹn náà torí pé táyà mẹ́rìnlá tó dára ti ń ṣọ̀wọ́n. Fi àwòrán èyí tó o rí yẹn ránṣẹ́, ṣáá. Mo fẹ́ wò ó.